Ẹja Kì í Ṣàdédé Rà: Ẹ̀sùn Mẹ́fà Láti Etí Ọ̀sà

Ẹja tó kúrò nínú àwọ̀n ní ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀, tó sì ti ń rùn kí oòrùn tó yẹ̀ àtàrí, kò rà nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run kọ ọ́. Ẹnì kan ló fi í sílẹ̀. Ẹnì kan mọ ohun tó yẹ kó ṣe, kò ṣe é. Ẹlòmíì rí i pé ó ti bàjẹ́, ó sì wá ọgbọ́n tó fi tà á fún ìyá ọlọ́mọ. Ẹlòmíì tún wà tí òfin fi ọjà lé lọ́wọ́, tó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn wọ̀nyí ni mo wá fẹ̀sùn kàn, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lójúkojú.

Mo mọ iyì iṣẹ́ ẹja. Láti Báyékù àti Ìbẹ̀ṣẹ̀ ní ìhà Ìkòròdú, títí dé Ẹ̀jìnrìn àti ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ẹja ló kọ́lé, ẹja ló rán ọmọ nílé ìwé. Òbòkún, ẹ̀pìyà àti àrọ̀ ló ń fa ará Èkó wá sí Ẹ̀pẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, tí wọ́n fi ń kún mọ́tò lọ sílé. Ní Odógunyàn, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá ọgbà sílẹ̀ fún àwọn tó ń sin ẹja. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára. Ní 2018, FAO, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ fún Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ pé nínú gbogbo ẹja tí aráyé ń kó jọ, bí ìdá 35 nínú 100 ló ń ṣòfò láìdé ẹnu ẹnikẹ́ni. Èyí tó ń ṣòfò burú. Èyí tó bàjẹ́, tó sì tún dé ẹnu, ló burú jù.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ní í sọ. Ọgbọ́n tí a fi ń gba ẹja lọ́wọ́ rírà kò ṣòro, kò sì wọ́n: yìnyín ni, iyọ̀ ni, omi mímọ́ ni, iná tó dára ni, ojú àti imú tí kò purọ́ ni. Ẹni tí kò bá lo ọgbọ́n yìí ti fa àdánù. Bó bá sì wá ta ẹja náà, ńṣe ló gbé àdánù rẹ̀ lé ẹlòmíì lórí. Ẹ máa wo bí àdánù yẹn ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì.

Ẹ̀SÙN KÌÍNÍ: Ẹ fi ẹja sílẹ̀ fún oòrùn

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, àti ẹ̀yin alágbàtà tí ẹ ń lọ pàdé wọn létí omi, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ pè. Bí ẹja bá ti kú, kò sí ohun tó ń dáàbò bo ẹran ara rẹ̀ mọ́. Oje inú ikùn tó fi ń lọ oúnjẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ikùn fúnra rẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí tó wà lára awọ, nínú etí àti nínú ìfun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ráyè wọ inú ẹran. Ooru ló ń mú wọn sáré. Àwọn onímọ̀ ti díwọ̀n eré náà: ẹja tó wà nínú ooru 10 lórí ìdíwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ń yára bàjẹ́ ní ìlọ́po 4 ju èyí tó wà nínú yìnyín ní 0 lọ. Bó bá di 30, tí í ṣe ooru ọ̀sán lásán ní Ìkòròdú, ó ju ìlọ́po 10 lọ. Wákàtí kan péré lójú oòrùn ti jẹ ohun tó ju wákàtí 10 lọ nínú ọjọ́ tí ẹja ìbá fi wà ní pípé nínú yìnyín.

Síbẹ̀, ọkọ̀ ń jáde lóru láìgbé kúúlà kan dání. Ẹja á wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, nínú omi tí epo ẹ́ńjìnnì ti dà sí, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bó bá gúnlẹ̀, wọ́n á dà á sórí tapólì, àwọn alágbàtà á máa ná an, oòrùn á máa pa á. Bí wọ́n bá nájà tán, omi etí èbúté kan náà tí gbogbo ìdọ̀tí àdúgbò ń ṣàn wọ̀ ni wọ́n á fi ṣan án.

Ìṣirò yìnyín kò le. Bí ara ẹja kílò 10 bá gbóná tó 30, bíi kílò 3 yìnyín ni yóò yọ́ tán kí ara ẹja náà tó tutù dé 0. Èyí tó bá kù lẹ́yìn ìyẹn ni yóò máa ṣọ́ ọ dé ọjà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn apẹja ilẹ̀ olóoru pé kí yìnyín kílò kan bá ẹja kílò kan rìn: ẹ tẹ́ yìnyín sísàlẹ̀, ẹ to ẹja lé e, ẹ da yìnyín bò ó, kí ẹ sì dá ihò sí ìdí kúúlà kí omi tó yọ́ lè rí ibi jáde. Ọ̀pọ̀ ẹja omi wa tí wọ́n bá tọ́jú báyìí á lo ọ̀sẹ̀ 2 kí wọ́n tó bàjẹ́.

Ẹni tí kò bá rí yìnyín náà kò tíì pin. Kó la ikùn ẹja, kó kó ìfun rẹ̀ dànù, kó yọ inú etí rẹ̀, kó fi omi kànga tó mọ́ ṣan án, kó fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó nínú ìbòòji, kó sì tètè tà á tàbí kó tètè yan án. Ẹni tó ń sin àrọ̀ ní Odógunyàn kò tiẹ̀ ní àwáwí kankan. Àrọ̀ ń mí afẹ́fẹ́ òde; inú àgbá omi ló lè wà láàyè títí oníbàárà yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀SÙN KEJÌ: Ẹ ń pa ojú òkú ẹja dà

Ẹ̀yin tí ẹ̀sùn yìí kàn mọ̀ pé ẹja ọwọ́ yín ti bàjẹ́. Ẹ kò dà á nù. Ẹ ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Mo dúró nídìí àtẹ kan lọ́jọ́ kan, mo nawọ́ sí ẹ̀pìyà ńlá kan. Mo ní, “Ìyá mi, ẹ jẹ́ n ṣí etí rẹ̀ wò.” Ìyá náà ní, “Ọmọ mi, ẹja òwúrọ̀ yìí ni, má dá mi lọ́jà rú.” Ó tún da omi lé gbogbo àtẹ náà lórí, ẹja sì ń dán. Nígbà tí mo ṣí etí náà, ẹ̀jẹ̀ pupa ló kọ́kọ́ hàn. Mo fi àtàǹpàkò nù ún, ó nù kúrò. Ẹ̀jẹ̀ ẹja mìíràn ni wọ́n fi kùn ún. Abẹ́ rẹ̀ ti ṣú, ikun ti bò ó, òórùn kíkan sì jáde níbẹ̀. Mo tẹ ìka mọ́ ẹ̀yìn ẹja náà, níbi tí egbò kankan kò sí. Ojú ìka mi dúró síbẹ̀ bíi ti ẹni tó tẹ amọ̀. Kò kún padà.

Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù. Bí ojú ẹja bá ti wọnú, wọ́n á gé orí rẹ̀ kúrò, wọ́n á ní orí ni oníbàárà kan fẹ́. Bí ikùn rẹ̀ bá ti bẹ́, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á tò ó bí ẹja ọbẹ̀.

Ti ẹja yìnyín, èyí tí a ń pè ní òkú Èkó, tún wà lọ́tọ̀. Ìlànà Codex, ìwé òfin oúnjẹ àgbáyé, ní kí ẹja dídì wà ní ooru 18 sísàlẹ̀ òdo láti ibi tí wọ́n ti dì í títí dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Níhìn-ín, iná á lọ, kóòdù-rúùmù á gbóná, ẹja á yọ́ mọ́jú. Bí iná bá dé, wọ́n á tún dì í, wọ́n á sì gbé páálí rẹ̀ jáde láàárọ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú páálí: yìnyín tó ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ nísàlẹ̀, ẹja tó ti tẹ̀ pẹlẹbẹ mọ́ ara wọn, ẹran tó ń tú kúrò lára eegun kí ọbẹ̀ tó hó.

Ní ti títù, kòtè àti ṣáwá, ewu náà kọjá òórùn. Bí wọ́n bá wà nínú ooru, kòkòrò àìfojúrí á sọ èròjà kan nínú ẹran wọn di hisitamáìnì. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ á máa pọ́n, ara á máa yún un, orí á máa fọ́ ọ, àyà á máa já a, nígbà mìíràn láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Codex kò fẹ́ kó ju mílígíráàmù 200 lọ nínú ẹja kílò kan. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: sísè kì í pa á, díndín kì í pa á, yíyan kì í pa á, fírísà kì í sì í pa á. Bó bá ti wọ inú ẹja, ó ti wọ̀ ọ́. Kí ó má wọlé rárá ni oògùn rẹ̀, yìnyín nìkan ló sì lè ṣe ìyẹn.

Ẹ̀SÙN KẸTA: Ẹ ń fi èéfín sin ohun tó ti rà

Bí alágbàtà bá rí i pé ẹja tútù kò ní tà mọ́, ó mọ ibi tí yóò gbé àdánù rẹ̀ lọ: ìdí ààrò. Ẹni tó ń yan ẹja á rà á ní owó pọ́ọ́kú, á fi ata àti èéfín bo òórùn rẹ̀, á sì dé ọjà bí ẹja gbígbẹ. Mo fẹ̀sùn kan ẹni tó tà á, mo sì fẹ̀sùn kan ẹni tó yan án.

Iná kì í sọ ẹja tó ti rà di tuntun. Yíyan wúlò fún ẹja tó ṣì pé. Ó ń gbẹ omi ara rẹ̀, ó ń fi èéfín dí kòkòrò lọ́nà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ kí onímọ̀ kankan tó dé: tútù là ń ká ẹja. Ìdánwò gan-an ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ mú àrọ̀ tuntun, ẹ ká a, ìrù rẹ̀ á bá orí, ẹ ó fi igi gún un, awọ rẹ̀ kò ní ya. Ẹ mú èyí tó ti sun oòrùn láti àná, ẹ ká a: awọ á ya, ikùn á bẹ́, eegun ẹ̀yìn á yọ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹja tí wọ́n yàn ní pẹlẹbẹ, tí ikùn rẹ̀ ti là láìsí ojú ọ̀bẹ níbẹ̀, tí orí rẹ̀ ń já kúrò bí ẹ bá gbé e, ẹ ti mọ ohun tó jẹ́ kó tó dé orí iná.

Ẹ̀SÙN KẸRIN: Ẹ ń fi iná burúkú yan ohun rere

Ẹlòmíì ra ẹja tó dára, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́ nídìí ààrò. Àgbá tí wọ́n là, àwọ̀n irin lórí rẹ̀, igi lábẹ́: kò sí aburú nínú ìyẹn. Aburú wà nínú ohun tí wọ́n ń jó. Mo ti rí pákó tí ọ̀dà ṣì wà lára rẹ̀ lábẹ́ ẹja. Mo ti rí ọ̀rá àti páálí tí wọ́n fi tanná, àti rọ́bà táyà tí wọ́n fi mú iná yára. Èéfín dúdú yẹn, ara ẹja ló ń lẹ̀ mọ́.

Nínú èéfín iná tí kò jó dáadáa ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní benzo[a]pyrene wà. Àwọn onímọ̀ ìlera àgbáyé ti kà á mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Láti 2014, àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gbà kó ju máíkíróógíráàmù 2 lọ nínú ẹja yíyan kílò kan. Bí ọ̀rá ẹja bá ń kán sínú iná tó ń jó lalala, èròjà yìí á pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá jó rọ́bà, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti ẹja nìkan. Obìnrin tó dúró ti ààrò, tó gbé ọmọ sẹ́yìn, ló kọ́kọ́ ń fa á sínú.

Ọ̀nà àbáyọ ti wà tipẹ́. Ní òpin àwọn ọdún 1960, ilé ìwádìí oúnjẹ ti Gánà àti FAO bá àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní Chorkor, létí òkun Accra, ṣe ààrò tuntun: ìdí ààrò tí wọ́n fi amọ̀ tàbí bíríkì mọ, ẹnu méjì fún igi, àwo onígi tí wọ́n ta àwọ̀n irin sí, tí wọ́n ń tò léra wọn. Igi tó ń jẹ kéré, ẹja tó ń gbà pọ̀, ooru rẹ̀ sì ń kárí. Ní Thiaroye, ní Sẹ̀nẹ̀gà, wọ́n tún un ṣe ní nǹkan bí 2008: wọ́n fi àwo gba ọ̀rá tó ń kán kó má bàa bọ́ sínú iná, wọ́n sì ya èéfín sọ́tọ̀ kúrò lára ooru tó ń gbẹ ẹja. Nílé wa níbí, ilé iṣẹ́ ìwádìí òkun ti ìjọba àpapọ̀, NIOMR, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975 ní Victoria Island, ní ààrò tirẹ̀ tó ń yan ẹja láìfi èéfín bò ó dúdú. Ọ̀nà kò jìn láti Victoria Island sí Báyékù.

Ìwà mìíràn wà nídìí ààrò tó jẹ́ olè ní tààrà. Àrọ̀ tútù kílò 3 sí 4 ló ń di kílò kan ẹja gbígbẹ. Ẹni tó fẹ́ kí ìwọ̀n rẹ̀ wúwo á gbé e kúrò lórí iná nígbà tí òde ti le, tí inú ṣì tutù. Ẹja tí omi inú rẹ̀ bá ṣì ju 15 nínú 100 lọ yóò bu. Omi ló ń tà fún oníbàárà lówó ẹja, ẹja náà yóò sì bu láìpẹ́ nínú agbọ̀n rẹ̀.

Ẹ̀SÙN KARÙN-ÚN: Ẹ fi májèlé rọ́pò iyọ̀

Èyí ló bí mi nínú jù. Ẹja tí kò gbẹ dáadáa ni kòkòrò ajẹja fẹ́ràn. Wọ́n á yé sínú rẹ̀, ọmọ wọn onírun á jẹ ẹran tán, á ku awọ, eegun àti ìyẹ̀fun. Oníṣòwò tó rí èyí mọ̀ pé òun ni kò gbẹ ẹja náà. Dípò kó tún un gbé sórí iná, ó wọ́n Sniper sí i.

Sniper jẹ́ dichlorvos, oògùn apakòkòrò tó ń kọlu iṣan àti ọpọlọ. NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti pariwo títí pé kò gbọ́dọ̀ kan oúnjẹ. Ní 2019, ó fòfin de títà ìgò kékeré mílílítà 100, nítorí bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣì í lò. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń fi fọ́málìn, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ènìyàn, pa ẹja tútù mọ́. Fọ́málìn náà wà lára àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ẹja tí eṣinṣin kò bà lójú oòrùn ọ̀sán, kí ẹ bẹ̀rù rẹ̀.

Iyọ̀ ni àwọn ìyá wa ń lò. Ẹ po iyọ̀ kílò kan mọ́ omi lítà 10, ẹ rẹ ẹja tí ẹ ti ṣan sínú rẹ̀ kí ẹ tó yan án. Iyọ̀ á fa omi ara rẹ̀ jáde, kòkòrò kò sì ní ráyè. Ẹ yan án dénú. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó kó o sínú agbọ̀n tí ẹ fi bébà mímọ́ tẹ́, kí ẹ sì tún máa gbé e padà sórí iná lóòrèkóòrè. Kò sí májèlé nínú gbogbo èyí.

Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ní abala 243, sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ta oúnjẹ tó ti di ohun tó lè pani lára ti dẹ́ṣẹ̀ tó lè gbé e lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan. Òfin kò pe èyí ní ọgbọ́n ọjà. Ẹ̀yin náà ẹ má pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀SÙN KẸFÀ: Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ fi ọjà sílẹ̀

Bí ó bá jẹ́ pé ọjà nìkan ni mo dá lẹ́bi, mo ti ṣe ojúsàájú. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, gbé ìdásílẹ̀, ìtọ́jú àti àmójútó ọjà lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà mo bi àwọn tó ń ṣàkóso Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́: èbúté wo ni ẹ ti fi ẹ̀rọ yìnyín sí, tí apẹja lè dé ní aago mẹ́rin ìdájí kó sì rí yìnyín rà? Àtẹ ẹja wo ni omi ẹ̀rọ ń ṣàn dé? Ta ni òṣìṣẹ́ ìlera tó ń ṣí etí ẹja wò kí ọjà tó kún?

Ìjọba ìpínlẹ̀ dáwọ́ lé kíkọ́ ibùdó oúnjẹ ńlá sí Kétu-Ereyun ní Ẹ̀pẹ́, mo sì yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹja kì í dúró de ilé ńlá. Ní Ìkòròdú, ilé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ Lagos State Polytechnic tẹ́lẹ̀, tó di yunifásítì LASUSTECH ní 2022, ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Kí ló dé tí ìmọ̀ wọn kò fi rìn dé ìdí ààrò tó wà ní ìtòsí wọn? Ìmọ̀ tó jókòó sínú ìwé, tí ìyá ẹlẹ́ja kò gbọ́ ní èdè rẹ̀, kò gba ẹja kan là.

ÀWÍJÀRE WỌN

Wọ́n á ní, “A kò lówó. Yìnyín wọ́n, iná kò sí, ọmọ ń jẹun.” Mo gbọ́, n kò sì fi òṣì ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ìbòòji kò gba owó. Kíkó ìfun ẹja dànù kò gba owó. Kíkó rọ́bà kúrò nínú iná kò gba owó. Sniper ni wọ́n ń fi owó rà, iyọ̀ sì pọ̀ lọ́jà. Ẹni tó ń jẹ iyán rẹ̀ pẹ̀lú ẹja yẹn náà kò lówó. Ìyá tó rà á kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Òṣì kan kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ẹrù rẹ̀ lé òṣì mìíràn lórí.

Ẹ̀RÍ WÀ LỌ́WỌ́ ONÍBÀÁRÀ

Ẹ̀yin tí ẹ ń rajà, ẹ kò nílò ẹ̀rọ kankan. Àwọn ayẹjawò ní Yúróòpù fúnra wọn, ojú, imú àti ìka ni wọ́n ń lò. Wọ́n á fún àmì kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 títí dé 3, bí àpapọ̀ bá ṣe kéré tó ni ẹja ṣe tuntun tó. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe é báyìí:

Ojú ẹja: kó yọ síta, kó mọ́ gaara. Bó bá wọnú, tó sì ti ṣe funfun, ẹ fi í sílẹ̀.

Inú etí: kó pọ́n, kó má ní ikun tó nípọn. Ẹ fi ìka nù ún, kí ẹ mọ̀ bóyá wọ́n kùn ún ni.

Ẹran: ẹ tẹ̀ ẹ́, kó kún padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ikùn àti ìpẹ́: kí ikùn má rọ̀, kó má là, kí ìpẹ́ le mọ́ ara.

Òórùn: omi àti ewé omi ni kó máa rùn, kó má kan, kó má ta imú.

Ẹja gbígbẹ: ẹ ṣẹ́ ẹ, kó ró pàù, kí inú rẹ̀ gbẹ bíi òde. Ẹ gbọn agbọ̀n náà. Bí ìyẹ̀fun bá dà sílẹ̀, kòkòrò ti wà níbẹ̀.

ÌDÁJỌ́ TÍ MO Ń BÈÈRÈ

Kí ìjọba ìbílẹ̀ fi ẹ̀rọ yìnyín kan, omi ẹ̀rọ kan àti òṣìṣẹ́ ìlera kan sí èbúté Báyékù àti ọjà Olúwo kí wọ́n tó ná owó ọjà lórí ohun mìíràn. Kí NIOMR àti LASUSTECH bá ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́ja jókòó ní èdè Yorùbá, kí wọ́n kọ́ ààrò ìfihàn sí àárín àwọn tó ń yan ẹja, kì í ṣe sínú ọgbà ilé ìwé. Kí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja fúnra wọn lé ẹni tí wọ́n bá ká Sniper mọ́ lọ́wọ́ kúrò lórí àtẹ, nítorí ẹni yẹn ló ń ba orúkọ gbogbo wọn jẹ́. Kí oníbàárà dá ẹja tó ti rà padà lójú gbogbo ọjà, kó sì gba owó rẹ̀.

Ẹni tó bá fi oòrùn pa ẹja, kó ru àdánù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kó má gbé e fún alágbàtà, kí alágbàtà má gbé e fún ẹni tó ń yan ẹja, kí ẹni tó ń yan ẹja má sì gbé e wọ inú ìkòkò ìyá ọlọ́mọ.